Ìtàn Omi Tí Wọ́n Fi Ń Rin Koríko ní Los Angeles

Ní gúúsù Kalifóníà, ní etí Òkun Pàsífíìkì, níbi tí òjò kì í ti í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ rárá láti oṣù karùn-ún títí oṣù kẹsàn-án yóò fi parí, ilé tí kò ní pápá koríko tútù níwájú rẹ̀ kò pọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Bí oòrùn bá sì ti ń múra àtimú, iṣẹ́ kan wà tí àwọn onílé ibẹ̀ mọ̀ dunjú. Wọn a ṣí omi páìpù abẹ́ ilẹ̀ ní ìpín kan tẹ̀ lé èkejì, wọn a máa wo ẹnu páìpù tí iyẹ̀pẹ̀ ti dí, èyí tí ẹ̀rọ ìgékoríko ti ṣẹ́ lórí, àti èyí tí ń da omi sí ojú títì dípò orí koríko. Wọn a tú asẹ́ kékeré tí ó wà nínú rẹ̀, wọn a ṣàn án mọ́. Àwọn tí ó sì mọ iṣẹ́ náà tinútẹ̀yìn a to agolo òfìfo káàkiri pápá kí wọ́n lè rí i bóyá omi ń dé ibi gbogbo lọ́gbọọgba. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn onílé wọ̀nyí ni irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú omi náà kì í sì í ṣe omi ilẹ̀ wọn. Bí ó ṣe dé ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ sọ, nítorí odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ní àríwá Los Angeles, lẹ́yìn àwọn òkè gàgàrà tí a ń pè ní Sierra Nevada, àfonífojì kan wà tí àwọn òyìnbó sọ ní Owens, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn Paiute, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Nüümü, ń pè ní Payahuunadü. Òjò kò wọ́pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n yìnyín tí ó bo orí òkè nígbà òtútù a máa yọ́ bí oòrùn bá mú, a sì máa ṣàn wá sí ìsàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ odò kéékèèké. Kí òyìnbó kankan tó fi ojú kan ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń bomi rin ilẹ̀. Ní ẹ̀bá odò tí a ń pè ní Bishop Creek lónìí, ní ìgbà ìrúwé, kí ooru tó dé, wọn a yan ọkùnrin kan tí yóò jẹ́ olórí omi fún ọdún náà, gbogbo ìlú a sì fọwọ́ sí i. Nǹkan bí ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n a bá a fi òkúta, ẹ̀ka igi àti amọ̀ sé odò, kí omi lè gba inú yàrà lọ sí orí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ó rin. Láti ọjọ́ náà, òun nìkan ni iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́: òun ni yóò máa fi amọ̀ àti igi gígùn kan dí ibi tí omi kò gbọ́dọ̀ gbà, òun ni yóò sì máa ṣí ibi tí ó yẹ kí ó gbà. Bí ìkórè bá dé, wọn a wó ìsédò náà, omi a padà sí ojú ọ̀nà rẹ̀, wọn a sì ṣa ẹja tí omi fi sílẹ̀. Ní ọdún kejì, apá ilẹ̀ mìíràn ni wọn yóò bomi rin, kí ti àkọ́kọ́ lè sinmi.

Àwọn ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe gbogbo làálàá yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ọwọ́ gbìn. Wọ́n ń hù fúnra wọn, àwọn obìnrin ni ó sì ń wa gbòǹgbò wọn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹ̀yà òfíò gan-an, òfíò tí àwọn Hausa ń tà fún wa ní Sábó, tí a ń jẹ lẹ́nu bí a ti ń rìn lọ. Ó wú mi lórí púpọ̀ pé ní ìsàlẹ̀ òkè yìnyín, ní ìhà kejì ayé, gbogbo ìlú kan yan olórí omi, wọ́n sì sé odò, nítorí òfíò. Nínú gbogbo ètò tí mo gbọ́ pé ènìyàn ti ṣe lórí omi ní Kalifóníà, n kò tíì rí èyí tí ó dára ju tiwọn lọ. Ní 1863, àwọn sójà mú nǹkan bí 1,000 lára wọn fi ẹsẹ̀ rìn kúrò ní àfonífojì náà lọ sí ibùdó ọmọ ogun tí ń jẹ́ Fort Tejon. Àwọn àgbẹ̀ òyìnbó sì gba ilẹ̀, wọ́n gba yàrà tí wọ́n bá níbẹ̀ pẹ̀lú.

Los Angeles náà mọ irú àṣà olórí omi yìí rí. Àwọn ènìyàn mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n tẹ ìlú náà dó lábẹ́ àṣẹ ọba Sípéènì ní 1781, ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbẹ́ yàrà láti inú odò ìlú wá sí oko, Zanja Madre, ìyá àwọn yàrà. Ẹni tí ń bójú tó o ni wọ́n ń pè ní zanjero. Òun ni ó ń pín omi, òun ni ó sì ń rí sí i pé a kó ẹrẹ̀ àti pàǹtí kúrò, ipò rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí owó iṣẹ́ rẹ̀ fi ju ti olórí ìlú lọ nígbà kan. Ìdí kíkó pàǹtí yàrà yìí ni William Mulholland, ọmọ Ireland tí wọ́n bí ní Belfast ní 1855, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1878. Ó ń fi ṣọ́bìrì ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, ó ń kàwé ní òru, kò lọ sí yunifásítì kankan, síbẹ̀ ó di olórí gbogbo omi ìlú náà.

Ní 1900 àwọn ará Los Angeles jẹ́ nǹkan bí 100,000. Ní 1910 wọ́n ti ju 300,000 lọ, odò kan ṣoṣo tí wọ́n gbójú lé kò sì lè tó wọn mọ́. Fred Eaton, tí ó ti jẹ́ olórí ìlú rí, lọ ń ra ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ omi lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Owens, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé Los Angeles ni àwọn ń ta omi fún. Láti 1908 dé 1913, Mulholland fi páìpù, yàrà àti ihò abẹ́ òkè la aṣálẹ̀ já, ọ̀nà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 233 máìlì, láìfi ẹ̀rọ kankan fa omi náà. Ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ nìkan ni ó ń gbé e lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá 1913, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn péjọ sí àfonífojì San Fernando láti wo bí omi náà ti ń ya wọlé. Mulholland kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ní òun nìyẹn, kí wọ́n gbà á. Àwọn olówó tí ó ti gbọ́ fìn-ín-fìn-ín rẹ̀ ti ra ilẹ̀ San Fernando sílẹ̀ kí omi tó dé.

Àwọn àgbà wa ní a ń bu omi wẹ̀, a ń bu omi mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Àwọn àgbẹ̀ Owens kò bá omi ṣọ̀tá, àwọn tí ó gbé omi wọn lọ ni wọ́n bá ṣọ̀tá. Ní 1924 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dáínámáìtì fọ́ ọ̀nà omi náà; nígbà tí ọdún ń lọ sópin, tọkùnrin tobìnrin wọn lọ gba ibodè omi, wọ́n ṣí i padà sínú odò, wọ́n sì jókòó tì í fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nígbà tí yóò fi di 1926, adágún Owens, tí fífẹ̀ rẹ̀ ju 100 máìlì onígun mẹ́rin lọ, ti gbẹ, eruku rẹ̀ sì ń wọ ènìyàn ní imú. Ní òru ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta 1928, ìsédò St. Francis tí Mulholland kọ́ láti fi tọ́jú omi náà wó, àgbàrá sì gbé ènìyàn tí ó ju 400 lọ. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ó ti yẹ̀ ẹ́ wò nítorí omi tí ń jò, tí ó ní kò séwu. Nígbà tí ìwádìí dé, kò ti ẹ̀bi sí ẹlòmíràn lọ́rùn, orí ara rẹ̀ ni ó gbé e kà, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nínú gbogbo ìjà àgbẹ̀ àti ìlú yìí, ta ni ó bi àwọn Paiute léèrè ọ̀rọ̀? Ní 1939, ìlú Los Angeles àti ìjọba àpapọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ ilẹ̀, wọ́n sì fi àwọn onílẹ̀ sí orí ilẹ̀ kéékèèké ní Bishop, Big Pine àti Lone Pine; ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ omi wọn ni wọn kò yanjú.

Omi ti dé Los Angeles; bí a ó ti fọ́n ọn ká ni ó wá kù. Ní 1933, ní ìlú Glendora, àgbẹ̀ ọsàn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Orton Englehardt ṣe ẹ̀rọ ìwọ́nmi kan tí ó yẹ kí á wò fínnífínní. Omi a tú jáde láti ẹnu rẹ̀, a lu apá irin kan tí ó wà níwájú, apá náà a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sípíríngì a fà á padà, bí ó bá sì ti padà, a gbá ara ẹ̀rọ, ẹ̀rọ a sún díẹ̀. Báyìí ni yóò máa lù, tí yóò máa sún, tá-tá-tá, títí yóò fi yí po. Kò lo iná, kò lo epo, agbára omi náà ni ó ń yí i. Aládùúgbò rẹ̀, Clement LaFetra, àti ìyàwó rẹ̀ Mary Elizabeth, ni wọ́n ń ṣe é tà ní orúkọ Rain Bird. Nígbà tí ogun parí, tí wọ́n gé igi ọsàn lulẹ̀ láti kọ́lé, ẹ̀rọ ìwọ́nmi kúrò ní oko, ó wá sí iwájú ilé. Páìpù oníke gba ipò onírin, aago kékeré ara ògiri, tí ń ṣí omi tí ó sì ń tì í, di olórí omi. Èyí ni ó dùn mí jù nínú ìtàn náà, nítorí olórí omi àwọn Paiute mọ ìgbà tí odò kún àti ìgbà tí ó fà, aago náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀dá ni ó wá kọ́ àwọn onílé lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2015, Gómìnà Jerry Brown dúró lórí koríko gbígbẹ ní òkè Sierra, níbi tí yìnyín yẹ kí ó ti bo ilẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn ìlú dín omi tí wọ́n ń lò kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní 2022, òfin Los Angeles ní kí a máa fi ẹ̀rọ bomi rin koríko fún ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ fún ìpín kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe é láàárín agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó di dandan kí onílé mọ páìpù rẹ̀ kí ooru tó dé, bí ìgbà ìwáṣẹ̀.

Láti 2001, ìlú náà ń da omi padà sí orí adágún Owens tí ó gbẹ, kí eruku má baà pa àwọn ará ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìwọ́nmi wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Ní 2006, omi padà sínú 62 máìlì odò Owens tí ó ti gbẹ. Àwọn ọmọ Nüümü ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń bèèrè ẹ̀tọ́ omi tí a fi sílẹ̀ ní 1939. Ní tèmi o, ìlú tí ó rí omi fọ́n sórí koríko tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ kò ní àwíjàre kankan tí kò fi ní dá wọn lóhùn.