Òróró Tó Ń Dì àti Òróró Tó Ń Ṣàn

Òróró tí a fi ń dáná àti èyí tí a fi ń ṣe kéèkì ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ yan èyí tó dára, ó yẹ kó mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Ọ̀pẹ, igi ilẹ̀ wa ni. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe epo pupa, tí wọ́n sì ń yọ àdín lára ekuro. Ṣùgbọ́n àgbọn, àlejò ni. Àwọn ará Pọtogí ló gbé e wá láti ìhà Íńdíà, ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Iyanrìn etí òkun bá a lára mu.

Ní ọdún 1869, bọ́tà wọ́n ní ilẹ̀ Faransé. Ọba Napoleon III ń wá ohun tí àwọn ọmọ ogun àti tálákà lè jẹ dípò rẹ̀. Hippolyte Mège-Mouriès fi ọ̀rá màlúù ṣe màgárínì. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi òróró àgbọn náà ṣe é.

Ní ọdún 1902, Wilhelm Normann, ará Jámánì, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi ń sọ òróró tó ń ṣàn di èyí tó dì. Ní ọdún 1911, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi òróró èso òwú ṣe. Kò wọ́n, kì í tètè bàjẹ́, ó sì dára fún kéèkì. Gbogbo ayé yìn ín. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí a tó mọ̀ pé èyí tí wọ́n mú dì ní ìdajì ní ọ̀rá kan tó ń ba ọkàn jẹ́. Denmark ló kọ́kọ́ fi òfin dè é, ní ọdún 2003. Ní ọdún 2018, àjọ ìlera àgbáyé ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè mú un kúrò nínú oúnjẹ.

Òróró àgbọn kò ní ọ̀rá burúkú yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dì bí òtútù bá mú. Síbẹ̀, ẹ má rò pé oògùn ni. Bí a bá pín in sí 100, ó lé ní 80 tó jẹ́ ọ̀rá líle, èyí tí àpọ̀jù rẹ̀ kò dára fún ọkàn. Ti epo pupa tó nǹkan bí 50. Ti òróró ẹ̀pà kò pé 20.

Nítorí náà, ẹ fi òróró ẹ̀pà dín àkàrà, kí ẹ fi epo pupa díẹ̀ se ọbẹ̀. Bí kéèkì bá fẹ́ ṣíbí bọ́tà 5, ẹ lo ṣíbí òróró àgbọn 4, kí ẹ fi omi ṣíbí 1 kún un, torí omi wà nínú bọ́tà. Àṣejù, baba àṣetẹ́: díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa lo gbogbo wọn.

Ìwé tí ẹ ń kọ́ wúlò níbí. Kí ẹ tó ra màgárínì, ẹ ka ara agolo rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ Faransé yìí, «partiellement hydrogénée», ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ẹni tó lè kà á ti gba ilé rẹ̀ là.