Ẹni Tó Délé Ló Borí: Agbára Ẹ́ńjìnnì àti Ìṣọ́ Epo ní Ìlú Abidjan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ilẹ̀ Adúláwọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fara balẹ̀ wo ìtàn ọkọ̀ ní ìlú Abidjan, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé nítorí ẹ́ńjìnnì ni àwọn baba wa ṣe pa òwe náà. Ìbéèrè kan náà ni ó ń pààrà ọkàn ọlọ́kọ̀ láti ìran dé ìran: kí ni kí ó fi owó rẹ̀ rà, ṣé agbára ni, tàbí ìrìn jíjìn lórí epo díẹ̀? Ẹni tó ní orí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò ní orí. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára a máa mu epo bí ẹni ń mu omi. Èyí tí kì í mu epo, bó bá dé ẹsẹ̀ òkè, mímí ní í máa mí. Ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀ ni ó sì mú ìbéèrè náà le jù lọ, nítorí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ agbára láti gbé ẹrù ara rẹ̀, ó sì ń fẹ́ ìṣọ́ epo kí olówó rẹ̀ má baà di onígbèsè.

Ìlú tí omi yí ká ni Abidjan. Ní 1950 ni wọ́n la ojú omi Vridi, tí ọkọ̀ ojú omi ńláńlá fi rí ọ̀nà láti inú òkun wọ inú ọ̀sà Ébrié. Ní 1957 ni wọ́n ṣí afárá tí ó ń jẹ́ orúkọ Félix Houphouët-Boigny lónìí, èyí tí ó so Plateau pọ̀ mọ́ Treichville. Ní 1960, Côte d'Ivoire gba òmìnira, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì SOTRA sílẹ̀. Ní 1962 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìfọpo SIR sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ epo rọ̀bì ní Vridi ní 1965. Kòkó àti kọfí ń mú owó wọlé, títì ń gùn sí i, epo kò sì wọ́n. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ènìyàn díẹ̀ ni yóò jókòó ka iye epo tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu.

Inú ọdún ọ̀pọ̀ yìí, ní 1969, ni ìdíje ìfọkọ̀sáré kan bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ odò Bandama pè. Kì í ṣe orí ọ̀dà dídán ni wọ́n ti ń sá eré náà. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa inú igbó ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, níbi tí eruku ti ń bo ojú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ẹrẹ̀ sì ń gbé táyà mì bí òjò bá rọ̀. Ní 1972, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn eré ìdárayá ṣẹlẹ̀: ọkọ̀ kan ṣoṣo kò parí ìdíje náà. Àwọn kan bàjẹ́ lọ́nà, àkókò sì kọjá lórí àwọn tó kù. Láti ọdún náà ni àwọn tó mọ ọ̀nà Côte d'Ivoire ti mọ̀ pé, kí a tó béèrè ẹni tó yára jù, kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tó dé.

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà ni ayé yí padà. Ní October 1973, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ísírẹ́lì àti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá. Kí 1974 tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àgbá epo rọ̀bì tí ó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 3 ti di nǹkan bíi dọ́là 12. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń ra agbára mọ̀ pé òun yóò máa san owó rẹ̀ lójoojúmọ́ ni, kì í ṣe ọjọ́ tí ó ra ọkọ̀ nìkan. Ọkọ̀ tí ó gbayì ní ojú pópó àti nínú ìdíje Bandama ní àkókò yìí ni Peugeot 504, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà náà mọ̀ bí ẹni mowó. Nígbà tí ìdíje náà wọ inú ìdíje àgbáyé ní 1978, 504 ni Jean-Pierre Nicolas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi gba ipò kìíní. Ọkọ̀ náà kọ́ ló yára jù láyé, ṣùgbọ́n ó gbówọ́ ìyà.

Láti Abidjan yìí kan náà ni ìtàn ọkọ̀ kékeré oní-táyà-mẹ́rin-yíyí ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ. Ìdíje kan wà tí ó ń ti Abidjan lọ sí Nice ní ilẹ̀ Faransé. Nínú rẹ̀, ní oṣù January 1977, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thierry Sabine ti ṣìnà lórí alùpùpù rẹ̀ nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, tí ó kù díẹ̀ kí ó kú. Nígbà tí wọ́n rí i yọ, ó padà sílé pẹ̀lú èrò kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù December 1978, ìdíje Paris sí Dakar tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ gbéra. Nínú ìdíje tuntun yìí, àwọn ará Marreau méjì, Claude àti Bernard, gbé Renault 4 kan wá, ọkọ̀ kékeré tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé fi ń kó ẹ̀fọ́ lọ sí ọjà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti tún ṣe kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè máa yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ènìyàn lè ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní 1980, wọ́n gba ipò kẹta láàrin àwọn ọkọ̀, Iltis tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen ṣe sì gba ipò kìíní.

Iltis yìí ní ìtàn tirẹ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀. Ní ìgbà òtútù 1976 sí 1977, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Audi gbé àwọn ọkọ̀ wọn lọ sí ilẹ̀ Finland láti dán wọn wò lórí yìnyín. Iltis tí wọ́n mú dání ní agbára ẹṣin 75 péré, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń fi ti ẹṣin wọn agbára ẹ́ńjìnnì. Síbẹ̀, ó fi àwọn ọkọ̀ tí agbára wọn jù ú lọ sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: bí táyà méjì péré bá ń gba gbogbo agbára lórí ilẹ̀ yíyọ̀, yíyí lórí asán ni wọn yóò máa yí, bí mẹ́rin bá pín in, díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, díẹ̀ náà a sì wúlò. Jörg Bensinger, ọ̀kan nínú wọn, rí èyí, ó sì dá a lábàá pé kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán. Bí Audi Quattro ṣe jáde ní 1980 nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí yìnyín Finland kọ́ wọn ni pé agbára díẹ̀ tí kò ṣòfò sàn ju agbára púpọ̀ tí ilẹ̀ kọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Audi kò dúró lórí ẹ̀kọ́ náà. Ọkọ̀ tuntun náà ní agbára ẹṣin 200. Nígbà tí wọ́n sì ṣe ti ìdíje, ó ju 300 lọ.

Agbára yìí ni ó dé Abidjan ní ìparí October 1982. Michèle Mouton, obìnrin ilẹ̀ Faransé, ni ó wa Quattro náà, ó sì kù díẹ̀ kí ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò gba adé àgbáyé nínú ìfọkọ̀sáré. Ẹni tó ń bá a du adé ni Walter Röhrl, ọmọ Jámánì, nínú Opel Ascona 400, ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń tì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì lágbára tó ti Audi. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni Mouton gbọ́ pé baba òun ti kú. Síbẹ̀ ó wakọ̀. Ó fi Röhrl sílẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú ohun tí ó ju wákàtí kan lọ. Lẹ́yìn náà ni gíà Quattro bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, àtúnṣe rẹ̀ jẹ àkókò tí ó ti kó jọ, kò sì pẹ́ tí ó yà kúrò lójú ọ̀nà, tí eré sì parí fún un. Röhrl tí ń bọ̀ jẹ́jẹ́ ni ó dé, òun ni ó sì gba adé.

Kí a má purọ́ mọ́ ìtàn, agbára náà borí nígbà mìíràn. Ní 1984, Stig Blomqvist, ọmọ Sweden, fi Audi Sport Quattro, tí wọ́n gé kúrú kí ó lè máa yí dáadáa, gba ipò kìíní ní Côte d'Ivoire. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Agbára ọkọ̀ ìdíje ń ga sí i títí ó fi pa àwọn òǹwòran ní Portugal àti àwọn awakọ̀ ní Corsica ní 1986. Nígbà tí ọdún náà parí, wọ́n fòfin de irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn òfin náà ni ìdíje Abidjan fi ohun ìyanu hàn. Ní 1989, Alain Oreille gbé Renault 5 GT Turbo wọlé, ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó lítà kan ààbọ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà nílé ọjà. Òun ni ó gba ipò kìíní. Ní 1990, ọkọ̀ oní-táyà-mẹ́rin-yíyí padà borí, nígbà tí Patrick Tauziac wa Mitsubishi Galant VR-4. Kenjiro Shinozuka ti ilẹ̀ Jàpáánì sì fi irú ọkọ̀ kan náà borí ní 1991 àti 1992, kí ìdíje náà tó kúrò nínú ti àgbáyé.

Bí eré ti parí ni ìṣirò bọ́ sí ọwọ́ ará ìlú. Ní January 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí méjì: fáránkì ilẹ̀ Faransé kan tí í gba 50 CFA bẹ̀rẹ̀ sí í gba 100. Lójijì, ohun gbogbo tó ti òkè òkun wá gbówó lórí, ìbáà ṣe ọkọ̀, ìbáà ṣe táyà. Tòkunbọ̀, tí wọ́n ń pè ní « France au revoir » níbẹ̀, wá di ìrètí mẹ̀kúnnù. Ọdún 1994 yìí kan náà ni Toyota gbé RAV4 jáde ní Jàpáánì: ọkọ̀ kékeré oní-táyà-mẹ́rin-yíyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà méjì. Kì í ṣe ọmọ ìyá Land Cruiser. Ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó ṣe é ti fi agbára ṣe pàṣípààrọ̀: wọ́n jọ̀wọ́ ẹ́ńjìnnì ńlá, wọ́n gba ọkọ̀ tí ó lè la ẹrẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó jẹ owó oúnjẹ ilé.

Síbẹ̀ pàṣípààrọ̀ náà ní ìnáwó tirẹ̀. Irin gígùn tí ń gbé agbára láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn wúwo. Ẹ́ńjìnnì a máa yí i lójoojúmọ́, ìbáà ṣe ọ̀dà gbígbẹ ni ọkọ̀ ń rìn. Nítorí náà ni àwọn RAV4 tó jáde láti ìparí 2005 fi ń lo táyà iwájú nìkan nígbà tí ọ̀nà bá dára, tí wọ́n sì ń pe ti ẹ̀yìn nígbà tí ilẹ̀ bá yọ̀. Nínú èyí tí ó ń lo iná mànàmáná pọ̀ mọ́ epo, tí ó jáde ní 2015, wọ́n yọ irin gígùn náà kúrò pátápátá, mọ́tò iná kékeré ni wọ́n fi ń yí táyà ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù ni ọ̀dọ̀ awakọ̀ wôrô-wôrô, takisí alájùmọ̀wọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ti inú èdè Jùlá wá, láti ìgbà tí owó ọkọ̀ jẹ́ ọgbọ̀n-ọgbọ̀n fáránkì. Iye kan ni irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń san fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́. Òun ni ó ń ra epo. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ti ìyàwó àti ọmọ. Lójú tirẹ̀, lítà epo kan tí ẹ́ńjìnnì fi ṣòfò jẹ́ abọ́ oúnjẹ kan tí ó dànù. Nígbà tí ìjọba fi owó lé epo ní July 2008, àwọn awakọ̀ gúnlẹ̀, ìlú dúró, ìjọba sì ní láti dín in kù. Àwọn awakọ̀ kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì ìdáná, tí ìjọba fi owó kún fún àwọn ìyàwó ilé, wa takisí. Gáàsì yìí a máa dín agbára ẹ́ńjìnnì kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ́n owó epo lé. Ìgò gáàsì inú ilé ìdáná wá di èrò inú bùútù, lẹ́yìn àwọn èrò tí kò mọ nǹkan kan. Òfin kọ̀ ọ́, ebi sì ń fi ipá mú un ṣe.

Níhìn-ín ni ìtàn ti pààlà. Ẹni tó jọ̀wọ́ agbára ọkọ̀ rẹ̀ kí ó lè rìn jìnnà, ohun tirẹ̀ ni ó jọ̀wọ́. Ẹni tó gbé ìgò gáàsì sẹ́yìn èrò, ohun ẹlòmíràn ni ó fi ṣòwò. Nígbà tí ìjọba Côte d'Ivoire pàṣẹ ní December 2017 pé ọkọ̀ tó bá ti lo ju ọdún 5 lọ kò gbọdọ̀ wọlé wá ṣe takisí mọ́, ìdí kan ni pé ẹ́ńjìnnì tó gbó a máa mu epo, a sì máa tú èéfín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò gbó gbówó lórí, owó náà sì gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá.

Àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò tí ìran wọn ti pẹ́ nídìí òwò ní Abidjan, mọ ìṣirò yìí dáadáa. Bọ́ọ̀sì tí ń gbé wọn láti Èjìgbò gba ilẹ̀ Benin, Togo àti Gánà kọjá kì í ṣe ti eré sísá. Wọn kì í béèrè bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti lágbára tó. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ohun tí ọ̀nà Bandama ti béèrè ní 1972: ṣé yóò dé?