Herbert Macaulay: Ayàwòrán-Ilé àti Awọnlẹ̀ Kí Ó Tó Di Olóṣèlú

Ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School tí àwọn ará Ṣómólú àti Bàrígà mọ̀ dáadáa kì í ṣe Bàrígà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Erékùṣù Èkó ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ọmọ Sàró, ti ṣí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859, pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́fà péré. Kápútéènì James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ńlá láyé ìgbà náà, ló fún un ní £50 tí ó fi ra ìwé àti ohun èlò. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n kó o sọdá sí Bàrígà. Ọmọ àlùfáà yìí ni ìtàn wa dá lé: Ọláyínká Herbert Samuel Heelas Macaulay. Olóṣèlú ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ilé yíyà àti ilẹ̀ wíwọ̀n ni iṣẹ́ tó kọ́, inú iṣẹ́ náà ló sì ti rí ohun tó fi bá ìjọba amúnisìn wọ ìjàkadì.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Èkó. Abigail, ìyá rẹ̀, jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ilé ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kàwé láti ọdún 1877 títí di 1881, ṣùgbọ́n bàbá náà kò rí ìparí ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, nítorí pé àrùn ìgbóná tó jà ní Èkó pa á ní oṣù Kìíní ọdún 1878. Nígbà tí Herbert jáde, ó di akọ̀wé ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba, níbi tí ìwé ilẹ̀ àti pílánì ti ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ní oṣù Keje ọdún 1890, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Èkó, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ G. D. Bellamy, awọnlẹ̀ àti ẹnjiníà omi fún ìlú náà, ló ti kọ́ṣẹ́, bí ọmọṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. Ní ọdún 1893 ó gba ìwé ẹ̀rí Royal Institute of British Architects, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ́ fáólíìnì pẹ̀lú, ó sì fẹ́ràn orin títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Èkó tó padà wá bá ní 1893 kì í ṣe ìlú tí kò mọ ilé kíkọ́. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé ni ọ̀gá bíríkìlà àti káfíńtà nígbà náà. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ọwọ́ ni àwọn wọ̀nyí fi ń kọ́ iṣẹ́ fún ọmọṣẹ́ wọn, ojú ni wọ́n sì fi ń mọ̀ bí ògiri bá dúró gún. Macaulay mú ti tirẹ̀ wá sórí ìwé: ìwọ̀n, ìṣirò, àti àwòrán tí adájọ́ lè gbà wọlé ní kóòtù. Ó yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ kan náà fún irú iṣẹ́ méjèèjì.

Ìjọba fi í ṣe awọnlẹ̀ ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀wọ̀n irin ni awọnlẹ̀ ìgbà náà ń lò: gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 66, ó ní oríkèé 100, bí ilẹ̀ bá sì gùn ní ẹ̀wọ̀n mẹ́wàá, tó fẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n kan, éékà kan ni. Ẹni tó bá fa ẹ̀wọ̀n yìí ká Èkó kò lè ṣàì mọ ìdí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀. Láti ìgbà tí Ọba Dòsùnmú ti fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni ìjọba ti ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà jẹ́ ti ẹbí, lábẹ́ àwọn ìjòyè onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìdẹ́jọ. Ìwé ilẹ̀ sọ ọ̀kan, ìtàn ẹbí sọ òmíràn. Macaulay rí méjèèjì.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1898 ó fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ̀sùn kàn án pé ó fi orúkọ ẹlòmíràn gba ilẹ̀ ìjọba, ó sì tà á jèrè. Òpìtàn kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Síbẹ̀, a mọ̀ pé kò fara mọ́ bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣàkóso Èkó mọ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ó gba ìwé àṣẹ láti máa wọn ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ó fẹ́ Caroline Pratt, ṣùgbọ́n ìyàwó náà kú ní ọdún 1899.

Lára iṣẹ́ pílánì àti ìdíyelé tó ṣe ni ilé E. J. Alex Taylor ní òpópónà Victoria, ilé Akínọlá Májà, Doherty Villa ní Campos Square, àti ilé Henry Carr ní Tinúbú. Carr yìí kan náà ni Macaulay kọ ìwé ta kò ní gbangba ní ọdún 1924 pé kí ó fi ipò rẹ̀ nínú ìjọba sílẹ̀! Iṣẹ́ náà kò sọ ọ́ di olówó, nítorí pé ìjọba tó ń bá jà ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ ará Èkó, òun tí ẹnjiníà omi kọ́ níṣẹ́ wà lára àwọn tó ta kò ó.

Ọ̀ràn Àpápá ni ìmọ̀ rẹ̀ ti so èso jù lọ. Ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá tó wà lábẹ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúwa, wọ́n sì ní kì í ṣe gbogbo iye ilẹ̀ náà ló tọ́ sí i. Ní 1920 Macaulay tẹ̀ lé Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ṣe akọ̀wé àti ògbufọ̀ fún un, ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Elékòó, Ọba Èkó, sì wà pẹ̀lú wọn. Ní 1921 ilé ẹjọ́ Privy Council dá Olúwa láre. Ilé ẹjọ́ náà sọ pé àdéhùn 1861 kò gba ẹ̀tọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ náà sì jẹ́ ti gbogbo agboolé, nítorí náà kí ìjọba san iye rẹ̀ ní kíkún.

Ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tó gbà ní 1913 lórí owó ogún tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè du ipò. Síbẹ̀ ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, ó sì di ààrẹ ẹgbẹ́ NCNC ní 1944. Ìrìn àjò ẹgbẹ́ náà ni ó ń bá lọ nígbà tí àìsàn kọlù ú ní Kánò. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1946, wọ́n sì sin ín sí Ìkòyí. Àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn òpìtàn ti ń yẹ̀ wọ́n wò.