Ẹni tó tún ìwé ìpẹjọ́ ṣe kò jẹ́wọ́ irọ́

Láti Ìyànà Ìbà dé Okokomaiko, bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá ti dé kọ́ọ̀tù, ìgbàgbọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé kiri: ohun tí lọ́yà bá ti kọ fún adájọ́ ti di òkúta, ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ yí i padà ti jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun kọ́kọ́ pa. Nítorí rẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń rí àṣìṣe nínú ìwé ara wọn tí wọ́n ń dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ló ń pa ẹjọ́ wọn.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá. Níwájú ọba tàbí baálé, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni ni ẹjọ́ ẹni. Àgbà tó bá ní igi ọ̀pẹ ni ààlà láàárọ̀, tó tún ní odò ni nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tí yóò gbà á gbọ́ mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù gíga kì í gbọ́ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìpẹjọ́ tí olùpẹjọ́ kọ, àti ìwé tí olùjẹ́jọ́ fi dá a lóhùn, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni kì í búra lé wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti fi ojú ibi tí ìjà wà han adájọ́, kí ẹnìkejì sì mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a kó tó débẹ̀.

Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni òdìkejì rẹ̀. Ẹ̀rí tí kò bá ìwé mu, òfo ni. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fìdí èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Emegokwue àti Okadigbo ní 1973. Ẹlẹ́rìí lè sọ òótọ́ pọ́ńbélé. Bí òótọ́ náà kò bá sí nínú ìwé, adájọ́ kò ní lò ó.

Ní agbègbè tiwa, àyè àṣìṣe pọ̀. Abẹ́ ẹkùn Badagry ni Ọ̀jọ́ wà, 2003 sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ìjọba ìdàgbàsókè Ìbà sílẹ̀ lára rẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ kan ṣoṣo lè jẹ́ ilẹ̀ Badagry nínú rìsíìtì àtijọ́, kó jẹ́ ti Ọ̀jọ́ nínú ìwé kejì, kó di ti Ìbà nínú ẹ̀kẹta. Láti 2009 tí iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà Badagry ti bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àti ògiri tí àwọn ènìyàn fi ń júwe ààlà ti di àwátì.

Ká sọ pé ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìyànà Ìbà ra ilẹ̀ ní Okokomaiko, tí akọ̀wé lọ́yà rẹ̀ sì tẹ 7 dípò 1 nínú nọ́ńbà ìwé sọ́fíà. Lọ́yà á kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí adájọ́, á fi ìwé ìbúra tì í láti ṣàlàyé bí àṣìṣe náà ṣe wáyé, á sì so ìwé ìpẹjọ́ tuntun tó fẹ́ lò mọ́ ọn, kí adájọ́ rí ohun tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí. Bí àtúnṣe náà bá mú ẹlẹ́rìí tàbí ìwé mìíràn wá, wọ́n gbọ́dọ̀ kó àwọn náà wá pọ̀. Kí ẹnì kankan má lọ bá akọ̀wé kọ́ọ̀tù láti yọ ojú ìwé kan kó fi òmíràn rọ́pò. Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn.

Irú àṣìṣe báyìí kì í ṣòro fún adájọ́ láti gbà. Láti ìgbà ẹjọ́ Cropper àti Smith nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1884 ni èrò kan ti wà nínú òfin tí a jogún: kọ́ọ̀tù kò sí láti fìyà jẹ ènìyàn nítorí àṣìṣe tó ṣe nínú bó ṣe gbé ẹjọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wà láti parí ìjà. Ìwà àrékérekè tàbí ìpalára tí owó kò lè tún ṣe fún ẹnìkejì ló máa ń dí ọ̀nà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wa to ìlànà náà lẹ́sẹẹsẹ nínú ẹjọ́ Adekeye àti Akin-Olugbade ní 1987.

Síbẹ̀, kí ẹnì kankan má rò pé dandan ni kí adájọ́ gbà. Ẹni tó pẹjọ́ lórí ààlà kò lè wá fi àtúnṣe sọ ọ́ di ẹjọ́ gbèsè. Bí ọjọ́ bá ti kọjá lórí ọ̀ràn kan, irú bí ọdún 12 tí òfin Èkó fún ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà, adájọ́ kì í sábà jẹ́ kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìdí ni pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kó ìwé wá ni òfin máa ń ka àtúnṣe sí, èyí tó máa gba ààbò lọ́wọ́ ẹnìkejì.

Àwọn tó ń bẹ̀rù pé wọn á pè wọ́n ní òpùrọ́ ní ìdí díẹ̀ o. Láti ìgbà tí ìlànà kọ́ọ̀tù gíga Èkó ti 2004 ti dé, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tí wọ́n búra lé ní láti bá ìwé ìpẹjọ́ wá. Ìbúra nìyẹn. Bí àtúnṣe bá ta ko ohun tí ènìyàn ti búra sí, lọ́yà ẹnìkejì lè bi í léèrè níta gbangba. Ìwé ìpẹjọ́ àtijọ́ pàápàá kì í kúrò nínú fáìlì. Ẹjọ́ Salami àti Oke, 1987 kan náà, jẹ́ ká mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni adájọ́ á gbé ìdájọ́ kà mọ́. Èyí ni ìyàtọ̀ tí àwọn ènìyàn wa kò mọ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí wọ́n ń kọ́ ọ nínú kíláàsì òfin ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tó wà ní Ọ̀jọ́ níbí, tí kò jìnnà sí ọjà náà.

Ìlànà 2004 yẹn tún fi òǹkà sí i: bí ìgbẹ́jọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, àtúnṣe kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bó bá sì pẹ́ kí ìyá aláṣọ wa tó sọ̀rọ̀, adájọ́ lè ní kó san owó tí olùjẹ́jọ́ ti ná sórí ìwé tó ní 7 nínú.