Ọ̀bẹ, Ọmú àti Ọ̀rọ̀ Àgbà

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ó fi aṣọ bo kókó ọmú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ rí i, tí wọ́n ní kí ó jẹ́ kí àwọn lọ sí ilé ìwòsàn, èsì rẹ̀ ni pé kàkà kí wọ́n kun òun bí ẹran, kí òun kúkú gbé ọmú òun méjèèjì wọ inú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Ọ̀rọ̀ yìí kò tán lọ́kàn mi. Mo wádìí ibi tí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀rù náà ní ìtàn.

Ní ìlú Paris, ní ọdún 1811, wọ́n gé ọmú ọ̀tún Fanny Burney, òǹkọ̀wé obìnrin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ilé rẹ̀. Kò sí oògùn akunnilóorun nígbà náà. Ọtí díẹ̀ ni wọ́n fún un mu, wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú, ó sì ń rí dídán ọ̀bẹ láti abẹ́ aṣọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí arábìnrin rẹ̀. Ó tún lo ọdún 28 láyé lẹ́yìn èyí.

Ní ọdún 1846, wọ́n fi oògùn akunnilóorun hàn ní gbangba ní Boston. Ìrora dínkù, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ gba àyè sí i. William Halsted, ní Baltimore, gbà pé ńṣe ni jẹjẹrẹ ń ràn láti ọmú dé abíyá ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀, bí iná inú ọyẹ́. Bí a bá gé kọjá ibi tí ó dé, ó tán. Ọmú, ẹran àyà àti kókó abíyá ni ó ń gé pọ̀. Nígbà tí ó gbé iṣẹ́ tí ó ṣe fún obìnrin 50 jáde ní 1894, díẹ̀ péré ni àrùn tún yọ sí ojú ọgbẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ di òfin. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí àyà àwọn obìnrin fi ń jìn dé egungun ìhà, tí apá wọn sì ń wú. Geoffrey Keynes ní London ń gé díẹ̀, ó sì ń fi rédíọ̀mù kún un láti nǹkan bí 1922, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fetí sí i kò pọ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àkísà kì í ṣe ẹ̀rí. Bernard Fisher ní Pittsburgh ní jẹjẹrẹ lè ti bá ẹ̀jẹ̀ rìn kí ọ̀bẹ tó dé. Kò fi ẹnu jà á. Ó dán an wò. Láti 1976, nínú àwọn obìnrin tí ó lé ní 1,800, bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n fi yan àwọn tí a ó gé ọmú wọn, àwọn tí a ó yọ kókó nìkan fún, àti àwọn tí a ó fi ìtànṣán kún tiwọn. Umberto Veronesi ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ fún obìnrin 701 ní Milan ní 1973. Ní 2002, lẹ́yìn ogún ọdún, iye àwọn tí ó yè kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí kò sí ìtànṣán nínú ti Fisher, àrùn padà sí ọmú nínú 39 lára 100. Níbi tí ó wà, 14 ni.

Obìnrin náà sì gba ẹnu rẹ̀ padà. Ṣáájú èyí, obìnrin a sùn lórí tábìlì láìmọ̀ bí òun yóò jí pẹ̀lú ọmú. Rose Kushner, akọ̀ròyìn tí ó ní àrùn náà ní 1974, tako àṣà yìí. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó sọ ní 1979 pé kí a kọ́kọ́ yẹ kókó wò, kí a bá aláìsàn jíròrò, kí ọ̀bẹ tó tún dé.

Lónìí, bí kókó bá kéré, a lè yọ òun nìkan, kí ìtànṣán sì tẹ̀lé e. Bí ó bá tóbi, tàbí tí ẹ̀rọ ìtànṣán bá jìnnà, gígé ọmú náà lè jẹ́ ọ̀nà tí ó dára jù. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ọ̀bẹ tí ìyá àdúgbò wa ń bẹ̀rù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà rẹ̀ ti kọjá lọ kí kókó tó yọ lára ìyá náà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ sọ fún ìyá yín.