"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí": ìtàn àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ

1/ Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi mọ́mì mi pé ṣé wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ rí. Wọ́n wojú mi: "Kí lo rí lára mi? Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí o." Gbólóhùn yẹn ló gbé mi dé ìdí ìtàn yìí. Ẹ jókòó tì mí, kò gùn.

2/ 1913. George Papanicolaou, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, àti ìyàwó rẹ̀ Andromache, tí wọ́n ń pè ní Mary, ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, George ríṣẹ́ ìwádìí ní Cornell, New York. Mary náà ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. George fẹ́ mọ bí sẹ́ẹ̀lì ojú ara obìnrin ṣe ń yí padà. Ta ló máa gbà kí wọ́n máa yẹ òun wò léraléra? Mary gbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é.

3/ Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni George ti rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú omi ara àwọn obìnrin mìíràn. Ó kéde rẹ̀ ní 1928, àwọn dókítà ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Òun àti Herbert Traut tún gbé e jáde ní 1941, ìwé wọn tẹ̀lé e ní 1943. Pap smear nìyẹn. Orúkọ ọkọ ló ń jẹ́, ara ìyàwó ni wọ́n fi kọ́ ọ.

4/ Ẹ wá gbọ́ o. 1951, Baltimore. Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ìyá ọmọ márùn-ún, wọ ilé ìwòsàn Johns Hopkins. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Àyẹ̀wò ti wà láyé, àmọ́ jẹjẹrẹ ti ta gbòǹgbò kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ẹni ọdún 31.

5/ Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì yẹn, HeLa, kò kú títí dòní. Ní 1983 àti 1984, Harald zur Hausen àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Jámánì rí HPV 16 àti HPV 18 nínú jẹjẹrẹ yìí. HPV 18 wà nínú sẹ́ẹ̀lì Henrietta náà! Zur Hausen gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008.

6/ Ìbálòpọ̀ ni HPV sábà máa ń bá wọlé, ọ̀pọ̀ jù lọ wa ló sì máa ń kó o. Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe. Ara fúnra rẹ̀ sábà máa ń lé e lọ. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ni lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò ní dunni. Mọ́mì, àkókò "kò sí nǹkan tó ń ṣe mí" gan-an ni àyẹ̀wò wà fún.

7/ Ní oṣù kẹwàá 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ abẹ́rẹ́ yẹn kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa. Àyẹ̀wò ni tiwọn, láti ọgbọ̀n ọdún lọ. Kódà, níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ ńlá, nọ́ọ̀sì lè fi omi kíkan bíi fínígà pa ẹnu ilé-ọmọ, kó wò ó bóyá ibì kan máa funfun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

8/ Mo sọ ìtàn Mary àti Henrietta fún mọ́mì. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà: "Ṣé ó máa ń dunni?" Mo ní kò tura, àmọ́ kì í pẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ lo máa sìn mí lọ o."

Ọjọ́bọ̀ là ń lọ. Ẹ̀yin ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa bi mọ́mì yín?