Àwọn Ọkọ̀ Ogun Tó Ha Lọ́sà Èkó ní 1851

Ìwé pọ̀ lórí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba Èkó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọkọ̀ ogun wọn gan-an ní láti máa ṣa ọ̀rọ̀ jọ káàkiri. Ìròyìn àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ń yin ìgboyà ara wọn. Ìtàn àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó kò kúrò lórí ariwo àgbá. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀ a fi gbólóhùn kan parí gbogbo ẹ̀: ọkọ̀ dé, wọ́n yin àgbá, Kòsọ́kọ́ ọba Èkó sá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọlu Èkó lọ́dún náà. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n pòfo. Ìgbà kejì, ọkọ̀ méjèèjì tí wọ́n gbójú lé ló ha sórí iyanrìn.

Ìjà oyè ló bí ìjà ọkọ̀. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò lórí ìtẹ́. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó tibẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì, ó sì ṣèlérí fún Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá dá òun padà, òwò ẹrú dópin. Àwọn míṣọ́nnárì bá a bẹ̀bẹ̀. Samuel Ajayi Crowther fúnra rẹ̀ rí Palmerston, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1851. Bóyá nítorí ẹrú ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá tàbí nítorí epo pupa, àwọn onímọ̀ ìtàn ti jà á títí, J. F. Ade Ajayi wà lára wọn. Tèmi ni pé ti epo ló wúwo jù, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ẹnu ọ̀sà Èkó ìgbà yẹn kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ńlá ń wọ̀. Iyanrìn dí i, ìgbì sì ń ru lórí ẹ̀. Ìdí nìyí tí Penelope, ọkọ̀ ọ̀gá àgbà Henry William Bruce, fi dúró sójú òkun. Bloodhound tí wọ́n fi irin kàn àti Teazer, tí wọn kò rì jìn nínú omi, ni wọ́n rán wọlé, pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọkọ̀ kéékèèké.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, Kọ́ńsù John Beecroft àti Ọ̀gágun Forbes mú Bloodhound wọ ọ̀sà, àsíá funfun lókè. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní àlàáfíà ni wọ́n bá wá, àwọn ará Èkó ló kọ́kọ́ yìnbọn. Àlàáfíà wo ló ń kó ogún ọkọ̀ ológun lẹ́yìn? Bloodhound ha. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ dáná sun ilé díẹ̀, ìbọn sì lé wọn padà sómi. Ìjòyè ọmọ ogun wọn méjì kú.

Oṣù kan ni Kòsọ́kọ́ fi múra de ìpadàbọ̀ wọn. Wọ́n ri èèkàn mọ́ inú omi létí bèbè, wọ́n mọ odi amọ̀, wọ́n sì to àgbá sẹ́yìn ẹ̀. Bruce dá ìjà dúró títí Kérésìmesì fi kọjá. Ní ọjọ́ 26, Lewis Tobias Jones, ọ̀gá ọkọ̀ Sampson, kó wọn wọlé. Kò pẹ́ tí Teazer fi ha síbi tí àgbá tirẹ̀ kò ti lè ba ọ̀tá, tí àgbá Kòsọ́kọ́ sì ń bà á. Bloodhound náà ha níwájú. Saumarez, ìjòyè wọn kan, kó àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ lápá ibẹ̀ láti pa àgbá lẹ́nu mọ́. Ìbọn kò jẹ́ kí wọ́n dé ìdí ẹ̀.

Lápá Teazer, ó hàn pé ọkọ̀ náà yóò ṣègbé bí àgbá orí ilẹ̀ kò bá dákẹ́. Lyster, ìjòyè láti inú Penelope, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ gòkè, wọ́n sì kan ìṣó mọ́ ojú ihò àwọn àgbá náà. Àbọ̀ ló le. Àwọn ará Èkó ya jáde láti inú igbó, wọ́n gba ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké Penelope, wọ́n sì yìnbọn bá Lyster lẹ́yìn. Nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn ẹnìkan ju ìdákọ̀ró sómi. Ọkọ̀ kò lè kúrò, ọta ń rọ̀ lé wọn lórí, àfi ìgbà tí Corbett, ìjòyè wọn mìíràn, gé ṣéènì ìdákọ̀ró náà tòun ti ọgbẹ́ lára. Teazer kò kúrò lórí iyanrìn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Iná ló ṣẹ́gun, kì í ṣe ọkọ̀. Ní ọjọ́ 27, rọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ sílé Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, ẹ̀tù bú, iná sì ran ìlú. Ọjọ́ kejì jẹ́ Sunday, Gẹ̀ẹ́sì kò jà, Kòsọ́kọ́ àti àwọn tirẹ̀ sì kó sọ́kọ̀, wọ́n lọ. Ìwé kan ní Gẹ̀ẹ́sì 15 ló kú, òmíràn ní 16; àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní 70. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ti ọjọ́ 26, lẹ́bàá Teazer. Àwọn kan ń pe ogun yìí ní Àgídìngbì, àwọn kan Ahóyaya. Ogun kan náà ni.

Akítóyè tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1852. Kòsọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Prometheus, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, dé ní 1861, Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, fún wọn ní Èkó láìsí ìbọn kan.

Èkó nìkan kọ́ ni èbúté Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ọkọ̀ ogun kọlù, ṣùgbọ́n ìtàn ti àwọn mìíràn kò gùn níbí. Ní Dakar, oṣù Kẹsàn-án 1940, àwọn Faransé tó wà lẹ́yìn Vichy lé Gẹ̀ẹ́sì àti de Gaulle padà. Richelieu, ọkọ̀ Faransé, gbọta, ọkọ̀ abẹ́ omi wọn sì fi tọ́pídò ba Resolution, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Bonny, oṣù Keje 1967, ọkọ̀ NNS Nigeria wà lára àwọn tó gba èbúté náà lọ́wọ́ Biafra. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ogun abẹ́lé náà dé ilẹ̀ Yorùbá, ní Ọ̀rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ka òkú tirẹ̀ ní 1851, ó sì kọ orúkọ àwọn ìjòyè rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka ti Èkó. Ìdílé tó bá ṣì ń rántí orúkọ ẹni tó ṣubú nídìí àgbá Kòsọ́kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.